Wọ́n ní kí Màmá wa fọwọ́ sí ìwé ìwádìí jẹjẹrẹ: ṣé kí wọ́n fọwọ́ sí i?

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kan tèmi báyìí.

Màmá wa ń ta èlùbọ́ ní Oyíngbò. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Kókó kan yọ sí ọmú wọn òsì, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo ń bá wọn de kọ́mú lẹ́yìn ni mo rí i pé awọ ọmú náà ti ń dà bí èèpo ọsàn. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan níbí ní mainland, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò, èsì sì jáde pé jẹjẹrẹ ni.

Dókítà ti ṣàlàyé ìtọ́jú fún wa: kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lákọ̀ọ́kọ́ kí kókó náà lè sún kì, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà iná, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí ibi tí àrùn wà. Ìyẹn yé wa. Ohun tí kò yé wa ni obìnrin kan tó wọ kóòtù funfun tó tẹ̀lé wa jáde dé abẹ́ igi. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí fún yunifásítì, pé kí Màmá fọwọ́ sí ìwé kan kí àwọn lè gba ẹ̀jẹ̀ ìgò kékeré méjì, kí àwọn sì lo èyí tó ṣẹ́ kù nínú ègé ara tí wọ́n ti gé. Ojú ewé mẹ́jọ ni ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀.

A ṣèpàdé ẹbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ní wọ́n fẹ́ lọ tà á lókè òkun ni. Àǹtí wa tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ká gbàgbé gbogbo rẹ̀, àgbo kan wà. Màmá fúnra wọn kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ bá mi rò ó." Ta ló ti fọwọ́ sí irú ìwé yìí rí? Tí wọ́n bá kọ̀, ṣé àwọn dókítà ò ní fojú burúkú wò wọ́n? Ọjọ́bọ̀ la máa padà lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Kí wọ́n má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ ò rántí Kánò ni? 1996, àrùn lọ́rùn-lọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ oògùn kan gbé oògùn tuntun dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò lára ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn òbí ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn bó ṣe yẹ. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti sanwó fún ìjọba Kánò. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ẹ mọ ohun tó ń ṣe tó bá rí ekòló.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Àkọkà

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí Kánò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí irú rẹ̀ gan-an ni wọn ò ṣe gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gbé ìwé ìwádìí wọ wọ́ọ̀dù mọ́. Ilé ìwòsàn tó bá ń kọ́ni níṣẹ́ dókítà ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kó tó bẹ̀rẹ̀, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sì ti ìgbìmọ̀ àgbà kan lẹ́yìn lórí gbogbo wọn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, fa àga, jókòó. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti rí aláìsàn tó fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀, mo ti rí èyí tó kọ ohun tí ì bá ṣe é lóore.

Ìtọ́jú lọ́tọ̀, ìwádìí lọ́tọ̀. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí kí wọ́n tó gé kókó yẹn, ti ìtọ́jú nìyẹn. Èyí tí obìnrin yẹn gbé wá, ti ìwádìí ni. Màmá lè ní àwọn ò ṣe, kí kímò wọn sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún lè fọwọ́ sí i lónìí, kí wọ́n ní ó tó lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Bí ẹnì kan bá wá fojú burúkú wò wọ́n nítorí ìyẹn, nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tí mo wí yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà. Ẹ pè é.

Ohun tó bí mi nínú ni abẹ́ igi yẹn. Ta ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn lábẹ́ igi? Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni? Etí onítọ̀hún ò lè gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ yàrá, ẹ fẹ́ àga, kó sì ka ìwé náà fún Màmá ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó tì yín ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ibo ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí, fún ọdún mélòó? Ṣé ó máa kúrò ní Nàìjíríà? Tí wọ́n bá rí nǹkan níbẹ̀ tó kan àwọn ọmọ Màmá, ṣé wọ́n máa sọ fún wọn àbí wọ́n máa dákẹ́? Ta ló ń sanwó àyẹ̀wò náà? Ìdáhùn èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan lọ sílé.

Ó ku ọ̀kan, lójú tèmi ó ju ọ̀rọ̀ ìwé ìwádìí lọ. Èsì tó kàn sọ pé jẹjẹrẹ ni kò tíì pé. Ẹ bèèrè ER, PR àti HER2, àyẹ̀wò mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe lára ègé kókó náà láti mọ oògùn tó bá a mu. Ẹ wo kókó yẹn bí ilé tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta. Méjì àkọ́kọ́ ni họ́mónù obìnrin ń gbà wọlé lọ bọ́ ọ. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, oògùn oníhóró bíi tamoxifen ni wọ́n fi ń dí wọn, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì lèèyàn lè fi lò ó. Ìkẹta ni HER2, òun ló ní abẹ́rẹ́ trastuzumab. Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kímò gan-an ni ọwọ́ ìjà tó ṣe pàtàkì jù nínú oògùn. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀kùn tó ṣí, owó ló ń kó dà sọ́sà.

Bàbá Ewé Mùṣín

[Alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò.]

Alábòójútó

Bàbá, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n a kì í polówó àgbo níbí, a kì í sì í kọ nọ́ńbà fóònù síta gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí ní kọ̀rọ̀ iye tí ìgò kan jẹ́, mo rí yín o.

Ọmọ Làábù

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìnira. Irú iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ń ṣe ni mò ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe ibì kan náà. Èmi ni ẹ máa ń rí ní Yábà pẹ̀lú kúlà lórí ọ̀kadà. Àwọn ọmọ máa ń pè mí pé kí n ta pure water fún àwọn.

Nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ náà rèé. Kò yẹ kí orúkọ Màmá wà lára ìgò, nọ́ńbà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n á yà á sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e sínú fìríìsà tó tutù gan-an, nǹkan bí ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀tá wa tó le jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, NEPA ni. Ègé ara tí wọ́n ń tọrọ, inú ìda ló wà báyìí ní ilé àyẹ̀wò. Èyí tí dókítà nílò fún ìtọ́jú, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́kù ni wọ́n ń bèèrè.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ìyá elélùbọ́ ṣe? Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú, ara àwọn obìnrin òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé dókítà ní Ìbàdàn kó tó di ọ̀gá ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé jẹjẹrẹ ọmú máa ń tètè mú àwọn obìnrin tiwa, ó sì máa ń le. Òun àtàwọn dókítà Ìbàdàn gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, àwọn tó ní àrùn náà àtàwọn tí ara wọn le. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, àwọn aláìsàn tó lé ní 1,100 ni wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 11 nínú 100 wọn ló jogún àbùkù nínú jíìnì BRCA1 tàbí BRCA2, àbùkù tó ń mú kí jẹjẹrẹ ọmú tètè mú èèyàn. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ wọn, ọkùnrin àti obìnrin, lè ti jogún rẹ̀, kí wọ́n sì ti máa ṣọ́ra kí kókó kankan tó yọ. Obìnrin kan ò lè mọ èyí nípa ara rẹ̀ àyàfi bí ẹgbẹ̀rún obìnrin mìíràn bá ti na apá wọn sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín. Ó ṣeé ṣe kí ìwádìí yìí má ṣe Màmá fúnra wọn lóore kankan. Ìgbà tí èsì fi máa jáde, wọ́n á ti parí ìtọ́jú wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fífọwọ́sí ni yóò wo àwọn sàn, irọ́ ló pa, ẹ má fọwọ́ sí tirẹ̀. Ti oògùn tuntun tún yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìṣẹ́kù ni tiyín, ìyẹn ò fi nǹkan kan sára aláìsàn. Tó bá jẹ́ pé oògùn ni wọ́n fẹ́ dán wò, ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n á ju báyìí lọ.

Bọ̀ọ̀dá yín ò sì ya wèrè. Ní 1951, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé lára kókó tó wà lẹ́nu ilé ọmọ Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì kó o lọ sí làábù láìbi í. Ọdún yẹn náà ló kú. Ègé ara rẹ̀ ò kú ní tirẹ̀, ó ń pọ̀ sí i ní làábù káàkiri ayé títí dòní. Àwọn kan ń tà á, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì gbọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa títọ́jú rẹ̀ de ìwádìí mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kó jẹ́, kí Màmá lè gba ọ̀kan kí wọ́n kọ èkejì.

Olùkọ́ Èbúté Mẹ́ta

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ ọmú. October 2023, nígbà tí ìjọba gbé abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, dé ilé ìwé wa fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo WhatsApp àwọn òbí nígbà yẹn! Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ń pa ilé ọmọ rẹ́ ni. Bàbá kan wá gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èmi náà ò kọ́kọ́ fọkàn sí i. Mo ń wò ó pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún ọmọ wa, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní London ti gba méjì nígbà tiwọn. Mo ní wọ́n ti já tiwa kù, àṣà wọn ni.

Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera wa jókòó tì mí. Ó ní kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, Harald zur Hausen, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ló tú àṣírí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ó ní ọ̀rọ̀ pé ọ̀kan tó kì í ṣe ti owó tí kò tó. Àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Kẹ́ńyà ló yọ̀ǹda ara wọn, 2,275, ọ̀dọ́ ọlọ́dún 15 sí 20. Wọ́n gún àwọn kan nínú wọn ní abẹ́rẹ́ HPV kan péré, wọ́n gún àwọn yòókù ní abẹ́rẹ́ àrùn mìíràn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé gbogbo wọn. Èsì tó jáde ní 2022 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 18, abẹ́rẹ́ kan yẹn dènà ìdá 97.5 nínú 100 irú HPV méjì tó burú jù. Ọdún yẹn náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan fún àwọn ọmọbìnrin.

Ẹ rò ó wò. Bí àwọn òbí ilẹ̀ Kẹ́ńyà bá ti ṣe bíi ti Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ yẹn, àwa ì bá ṣì máa wá owó abẹ́rẹ́ kejì. Mo ti gbà kí wọ́n gún tèmi. Ọ̀fẹ́ ni ní ibùdó ìlera, ẹ̀yin tí ọmọ yín ò tíì gbà á, kí lẹ ń dúró dè?

Ìyá Bọ́sẹ̀ Bàrígà

Àwa tí a ti ju ọlọ́dún 14 lọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbàgbé wa ni?

Ìyá Nọ́ọ̀sì Àkọkà

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ. Omi kan tó dà bíi fínígà ni wọ́n ń fi pa ibẹ̀, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá ti fẹ́ yí padà á funfun. Kì í dunni, ìtìjú ló wà níbẹ̀, ìtìjú yẹn sì máa ń tán lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí wọ́n bá rí nǹkan, ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Jẹjẹrẹ yìí máa ń lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di jẹjẹrẹ, àyè wà láti ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àgbo, torí mo mọ̀ pé Àǹtí tó wá láti Ìjẹ̀bú ò tíì fọ́nu. Mi ò kẹ́gàn ewé. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ mọ òdòdó kékeré kan tó ní ewé márùn-ún, tó máa ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ osùn, táwọn èèyàn ń gbìn síwájú ilé? Catharanthus lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn ará Jàmáíkà ń sè é mu fún àtọ̀gbẹ. Wọ́n fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì kan ní Kánádà, Western Ontario, láàárín ọdún 1950 sí 1960, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún àtọ̀gbẹ lóòótọ́. Kò ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn eku tí wọ́n gún ní omi ewé náà, ẹ̀jẹ̀ funfun ara wọn lọ sílẹ̀ wìì. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ò da èsì yẹn nù. Wọ́n ní tó bá lè pa ẹ̀jẹ̀ funfun, á jẹ́ pé ó lè pa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ vinblastine ti jáde, vincristine tẹ̀ lé e. Vincristine yẹn ni mo fi ọwọ́ ara mi so sí ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di bàbá ọmọ báyìí.

Ohun tí yunifásítì fi kún ewé náà ni ìwọ̀n. Bí vincristine bá fi díẹ̀ kéré, kò ní ṣiṣẹ́, bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ó ń pani. Ẹni tó ń wọn àgbo pẹ̀lú ife ọtí, mi ò mọ bó ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn. Tí Màmá bá sì ń mu àgbo mọ́ kímò, ẹ̀dọ̀ kan náà ló máa gbé ẹrù méjèèjì. Ẹ má bá Àǹtí jà. Ẹ ní kí wọ́n bu àgbo náà sínú ìgò, kí ẹ fi han dókítà.

Ìyá Olómú Kan

Orúkọ mi ti sọ gbogbo rẹ̀. Ọdún kẹfà mi rèé, ọ̀tún ni wọ́n gé. Ọkọ mi ní kí n yí orúkọ yìí padà, mo ní kó lọ bá ọmú tó lọ sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìwé tó, jẹ́ kí n sọ ti ilé. Kímò akọ́kọ́ kọ́ ni ìṣòro, ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara. Tó bá wọ 38, ẹ má fún wọn ní pánádọ̀ kí ẹ fi dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́, ẹ má sì sọ pé ibà ni. Ilé ìwòsàn tààrà, ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kímò ni wọ́n ń gbà. Ẹnu lè bó, ẹ máa fún wọn ní omi dídì kí wọ́n máa lá. Irun á lọ. Èmi gé tèmi kó tó lọ, ọmọ mi obìnrin ló fá a, a sì rẹ́rìn-ín títí a fi sunkún. Èékánná lè dúdú bí ẹni tó lọ fi ọwọ́ rẹ aró. Gbogbo rẹ̀ ló ń padà.

Owó. Ẹ má gbé fọ́tò Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì sí gbogbo WhatsApp, ẹ̀yin ni yóò dun lọ́la, owó tí ẹ máa rí níbẹ̀ ò sì ní tó gbọ́ bùkátà ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn ńlá máa ń ní òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn, social worker ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá ọ́fíìsì rẹ̀ kí ẹ tó san owó kankan, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó ti tán. Ẹ bi í nípa owó ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Cancer Health Fund, jẹjẹrẹ ọmú wà lára èyí tó ń ràn lọ́wọ́, kó sọ fún yín ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ kọjá sí Yábà, ẹ bèèrè Sebeccly, wọ́n ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ibi iná, àwọn ẹ̀rọ tuntun dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní 2019. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ látìsinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tó bá kàn.

Àmọ́ ohun tó gbé èmi dìde kì í ṣe ìwọ̀nyẹn. Ẹgbẹ́ wa ní Balógun, àwa alásọ, a ní àjọ olóṣooṣù. Ìyálọ́jà ní kí wọ́n kó tèmi fún mi ṣáájú, kí n máa dá a padà bí mo bá ṣe rí i. Wọ́n pín ọjọ́ iná mi mọ́ ara wọn. Iná kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, Monday sí Friday ni fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń jáwọ́. Owó ọkọ̀ ló ń lé wọn kúrò, kì í ṣe owó iná. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn á ti ìsọ̀ rẹ̀, á bá mi wọ dánfó lọ sí Ojúẹlẹ́gba, á jókòó tì mí, á tún mú mi bọ̀. Mi ò dá lọ rí, àní ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ lọ bá Ìyálọ́jà ti Oyíngbò, kí ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ọ́ fúnra wọn. Mo mọ̀ pé ojú ń tì wọ́n, oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pa á mọ́ ń sọ bẹ́ẹ̀. Tiwọn kọ́ ni àkọ́kọ́ ní ọjà yẹn, ẹ ó rí i.

Ìwé ìwádìí? Mo fọwọ́ sí méjì nígbà tèmi. Ọ̀kan pè mí padà lẹ́yìn ọdún kan láti sọ ohun tí wọ́n rí fún wa. Èkejì, mi ò gburòó wọn mọ́ títí dòní, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ bí ẹni gba gbèsè. Nítorí náà, èmi máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ máa padà wá sọ fún wa." Bí wọn ò bá kọ ọ́, kí wọ́n máa lọ.

Ọmọ Làábù

Àǹtí, ẹ̀tọ́ yín ni. Mo ti fi hàn ọ̀gá mi.

Alhaji Òkè Pópó

Ẹ̀yin obìnrin ń gbìyànjú. Ní mọ́sálásí wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pe àwọn dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ti lé ní 40 fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PSA, torí jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, èèyàn méje ló jáde, mẹ́fà nínú wọn ìyàwó wọn ló lé wọn wá. Ìgbà kejì, Ìmáàmù ló kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ìlà gùn dé ẹnu géètì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tó dá a padà. Gbogbo ojú ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ o.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú

Ẹ ṣé, ẹ ò ní rí ogun ẹ̀jẹ̀. Ìròyìn Ọjọ́bọ̀ rèé.

A bèèrè yàrá, wọ́n fún wa. Obìnrin náà tọrọ gáfárà nítorí abẹ́ igi. Ó ní àwọn méjì péré ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀rù sì bà á pé a ò ní padà wá. Yorùbá ìwé náà wà nínú báàgì rẹ̀ látijọ́ o! Ó kà á fún Màmá, nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wá. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ pé "ègé ara yín," Màmá dá a dúró, wọ́n ní ṣé kókó tó fẹ́ pa àwọn ni wọ́n ń pè ní ègé ara àwọn, kí wọ́n máa gbé e lọ, kí wọ́n má dá a padà. Gbogbo yàrá ló rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀jẹ̀ àti ìṣẹ́kù. Wọ́n kọ ti lílọ òkè òkun, wọ́n kọ ti ọjọ́ iwájú, wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú wá bi àwọn lọ́jọ́ iwájú. Obìnrin náà ní kò sí wàhálà, ó sì fi ìkọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa pè wá pẹ̀lú èsì. Mo ya fọ́tò ojú ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Bọ̀ọ̀dá mi tún ya tirẹ̀.

ER àti PR wà níbẹ̀, HER2 kò sí. Dókítà ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn oníhóró máa wọ̀ ọ́. Àgbo wà nínú ìgò, dókítà ní ká gbé e dúró títí kímò fi máa parí, Àǹtí ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látàná. Màmá ti sọ fún Ìyálọ́jà. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n ti wá bá wọn ní ìsọ̀ lálẹ́, ọ̀kan sì ṣí aṣọ rẹ̀ fi ojú àpá tirẹ̀ hàn wọ́n lẹ́yìn àpò èlùbọ́.

Tuesday ni kímò àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ. Ibi iṣẹ́ mi ò fún mi láyè ju aago mẹ́wàá lọ, mo ṣì ń wá ẹni tó máa dúró tì wọ́n títí á fi tán.

Ìyá Olómú Kan

Èmi ni. Màá ti wà lẹ́nu géètì ní aago méje ààbọ̀, gèlè aláwọ̀ àlùkò ni kí wọ́n máa wò. Kí wọ́n mú súwẹ́tà dání, AC yàrá yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni.